Ẹ má fi òwe bo èèyàn mọ́lẹ̀: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìtàn Yorùbá tí à ń kọ lónìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ìtàn ní èdè wa. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ ka ohun tí wọ́n kọ, ìtàn kúkurú, ewì, eré, àwọn kan á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn míì á tẹ̀ ẹ́ sórí pépà gbé e wá, inú mi sì máa ń dùn gan-an torí ìgbà kan wà tá a rò pé kò ní sẹ́ni tó máa fẹ́ kọ Yorùbá mọ́. Àmọ́ ohun kan wà tí mò ń rí lemọ́lemọ́ tó ń dùn mí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Gbogbo wa là ń sọ pé ìtàn tó jẹ́ Yorùbá gidi la fẹ́ kọ, ojúlówó, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wo ohun tá à ń pè ní ojúlówó yẹn dáadáa, aṣọ lásán ni: òwe, ìlù, àdìrẹ, oríkì, agbè ẹmu. Èèyàn tó wọ aṣọ náà ńkọ́? Ẹ ò ní rí i. Èmi gbà tọkàntọkàn pé èèyàn gan-an ni ojúlówó ìtàn, tẹ́ ẹ bá wo ẹnì kan títí tẹ́ ẹ fi mọ ohun tó ń ká a lára, Yorùbá tó wà nínú ẹ̀ á jáde fúnra ẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí láyé ẹ̀ náà á sì rí ara ẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí pọ̀ lóòótọ́ àmọ́ ibì kan náà ni wọ́n ti wá, a ò wo èèyàn tó ká tó kọ ọ́.

Òwe àpọ̀jù

Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ óò ṣí ìtàn kan, kẹ́ ẹ tó dé ojú ewé kejì òwe ti kún ibẹ̀ dẹ́nu. Ọkọ fi òwe jí ìyàwó, ìyàwó fi òwe dá a lóhùn, ọmọ ọdún méjìlá tó ń múra iléèwé náà fi òwe kí wọn. Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Ẹ lọ jókòó ti àgbà kan lónìí kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Á sọ̀rọ̀ owó iná, á bèèrè ẹni tó gbé tọ́ọ̀ṣì òun, á gbé ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀fọ́ ṣépè, ó lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán kó má pa òwe kankan. Ó di ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan bá le, tí ẹnu ò gbà á sọ ní tààrà, bóyá ọmọ ẹbí kan ń ṣe ohun tí kò dáa tí wọn ò sì fẹ́ dójú tì í níwájú èrò, ìgbà yẹn ni òwe á jáde, ẹyọ kan ṣoṣo, gbogbo ilé á sì pa lọ́lọ́. Iṣẹ́ òwe nìyẹn. Àwọn àgbà ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ bá sọnù òwe la fi ń wá a. Tí ọ̀rọ̀ ò bá wá tíì sọnù, ẹṣin kí lẹ ń gùn kiri?

Ohun míì tá a tún máa ń gbàgbé ni pé òwe ní ẹni tó ni ín. Ọmọdé kì í dédé la òwe mọ́ àgbà lórí. Á kọ́kọ́ júbà, á ní "tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà lẹ ni ín", àgbà náà á sì dá a lóhùn pé "wàá rí òmíràn pa". Gbólóhùn méjì péré yẹn, ẹ ò rí i pé odidi ìtàn wà nínú ẹ̀? Tí ọmọkùnrin kan bá pa òwe níwájú bàbá ẹ̀ tí kò júbà, tí bàbá sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kò fèsì, a jẹ́ pé nǹkan ti bàjẹ́ láàárín àwọn méjèèjì, ẹni tó ń kà á sì ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa là á mọ́lẹ̀ fún un. Gbogbo ìyẹn lẹ sọ nù nígbà tẹ́ ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹnu máa pòwe bákan náà, àtọmọdé àtàgbà, àtẹni tó ń bínú àtẹni tó ń ṣeré. Ẹ fi òwe sílẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi wá a. Tí ìtàn bá parí tí ọ̀rọ̀ ò wá a, ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀, kò dín nǹkan kan kù nínú Yorùbá ẹ̀.

Kíkọ ọ́ fún ojú ẹni tí kò sí níbẹ̀

Mo ka gbólóhùn kan báyìí, ó ní ìyá náà gbé àmàlà kalẹ̀, ìyẹn oúnjẹ dúdú kan tí àwọn Yorùbá máa ń fi èlùbọ́ rò. Ní èdè Yorùbá ni wọ́n kọ ọ́ o! Ta lẹ ń ṣàlàyé fún? Ẹni tó lè ka gbólóhùn yẹn ti jẹ àmàlà sùn lánàá. Ohun tó fà á ni pé ẹnì kan wà lókèèrè nínú orí wa tó ń wò wá, a sì fẹ́ kó yìn wá, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ̀wé tá a sì ń wo ojú ẹ̀ títí, a ò wá ráyè wo ìyá tó ń gbé àmàlà kalẹ̀ mọ́. Ṣé ó fi ọbẹ̀ pamọ́ fún ẹnì kan? Ẹran ta ló tóbi jù? Ta ni kò tíì wálé tí wọ́n fi bo oúnjẹ tiẹ̀? Ibẹ̀ ni ìtàn wà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1952 ilé iṣẹ́ Faber and Faber ní London tẹ ìwé Amos Tutùọlá jáde, ọmọ Abẹ́òkúta tí kò kàwé púpọ̀, tó jẹ́ méséńjà ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó. Ìtàn ọkùnrin ọ̀mùtí kan ni, adẹ́mu ẹ̀ kú, ó wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Dylan Thomas, akéwì ọmọ Wales, yìn ín gan-an nínú ìwé ìròyìn Observer, àmọ́ nílé níbí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kàwé bínú, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò dáa, wọ́n ní àwọn òyìnbó á máa rò pé púrúǹtù ni gbogbo wa. Ẹ kíyè sí i, ojú òyìnbó làwọn tó bínú yẹn ń wò, ẹni tó kọ ọ́ sì rèé, ìtàn ló ń wò ní tiẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọdé lálẹ́ ní Abẹ́òkúta, Gẹ̀ẹ́sì ló wá tẹ̀ sí ọ̀nà tí ìtàn ń gbà. Nígbà tó yá, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní Yorùbá, ó sì bá èdè wa mu rẹ́gí, torí kò kúrò nínú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Lónìí a ti yí i po. Tutùọlá fi ẹnu Yorùbá sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwa wá ń fi ẹnu Gẹ̀ẹ́sì kọ Yorùbá. Mo rí i nínú ìtàn kan, "ó ṣe ìpinnu láti ní ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà". Haba! Ọmọbìnrin ogún ọdún tí oyún ti ń dà láàmú nìyẹn o. Ṣebí ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ní òun á sọ fún màámi, ó dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó tún padà, ó lọ fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní kó fọ̀. Ẹ kọ ìyẹn. Ẹni tó kọ gbólóhùn gígùn yẹn gbọ́ Yorùbá dénú egungun, tó bá ń bá àbúrò ẹ̀ jà lórí fóònù ẹ ó gbádùn Yorùbá tó ń tẹnu ẹ̀ jáde, àmọ́ tó bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà báyìí, ẹnu ẹ̀ yí padà, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níwájú ìgbìmọ̀. Ẹ máa kọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ tí inú bá ń bí yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ìyẹn rọrùn, òkú gbólóhùn ló ṣòro láti jí.

Fífi iṣẹ́ èèyàn rọ́pò èèyàn

Ibí ni mo fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìtàn kọ̀ńdọ́ dáńfó kan wá fún mi. Kọ̀ńdọ́ yìí mu paragà, ó bú èrò, ó bá agbèrò jà, mọ́tò sì pa á, ó tán. Mo bi í léèrè pé báwo ni kọ̀ńdọ́ yìí ṣe ń di owó mú? Kò mọ̀. Mo ní kó lọ wọ dáńfó láti Òṣòdì dé Ìyánà Ìpájà, kó má kọ nǹkan kan sílẹ̀, kó ṣáà wo ọwọ́ kọ̀ńdọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó rí pọ̀. Ó ní kọ̀ńdọ́ náà ká owó ní gígùn, ó fi wọ́n sáàárín ìka, náírà igba lọ́tọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́tọ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́tọ̀, àmọ́ ìka ọwọ́ òsì ẹ̀ kan ti gé, ó sì ń fi eyín di èyí tó kù mú. Ẹsẹ̀ kan ló fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí wọ́n tó gbéra ló ti ń pariwo "ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o, mi ò ní ṣéńjì", bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí torí nígbà tó yá ó mú ẹgbẹ̀rún náírà kan, ó fi so obìnrin kan tó pọnmọ pọ̀ mọ́ ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, ó ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ni ín, ẹ bọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ pín in. Gbogbo ẹni tó ti wọ dáńfó l'Ékòó ló mọ̀ ọ́n. Ẹni méjì tí wọn ò mọra rí, ẹnì kan ń lọ sápá ọ̀tún, ẹnì kejì ń lọ sápá òsì, wọ́n wá di ìbejì lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹnì kan ò lè fi ẹnì kejì sílẹ̀. Ọkùnrin yẹn ń wo aago. Obìnrin yẹn ní kó má bínú, ó lọ ra omi tútù lọ́wọ́ ọmọ kan kí wọ́n lè rí owó náà ṣẹ́, ó sì fún ọkùnrin náà ní omi kan kún owó ẹ̀.

Èyí tó wá mú mi jókòó dáadáa ni èyí tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dé Ìkẹjà Along. Ó ní kọ̀ńdọ́ yẹn yọ fóònù kékeré kan lápò, ó na án sí ìyá tó jókòó létí ẹnu ọ̀nà, ó rọra ní "màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ síbí". Ìyá yẹn wọ awò, ó kà á sí i létí, ẹlòmíì ò gbọ́. Kọ̀ńdọ́ mi orí, ó ní ẹ ṣé mà, ó ki fóònù bọ àpò, ó wá ké pé "Along, ó wà o?", ohùn kan náà tó fi ń ké e tẹ́lẹ̀.

Kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn? Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀, àmọ́ látorí ìyẹn ló ti tún ìtàn ẹ̀ kọ. Kò sí ìjà níbẹ̀ mọ́, kò sí ikú, paragà ṣì wà níbẹ̀ ṣá torí àwọn kan ń mu ún lóòótọ́. Kò sí òwe kan, bẹ́ẹ̀ kò sí ibi tí ìtàn yẹn ti lè ṣẹlẹ̀ àfi Èkó, kò sì sí ibi láyé tí wọn ò ti ní mọ ohun tó ń ṣe ọmọkùnrin yẹn, ẹni tí gbogbo èrò ń gbọ́ ohùn ẹ̀ àmọ́ tó nílò ẹlòmíì láti bá a ka ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún un.

Ohun tí mò ń sọ nìyẹn tí mo bá ní ẹ wo èèyàn. Àwọn míì rò pé tí ìtàn bá máa kan gbogbo ayé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ lápapọ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ìyá kan, ìlú kan, ìbànújẹ́ ńlá, omijé ń dà pòròpòrò. Rárá. Opó kan wà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú ọkọ ẹ̀ wálé tó jẹ́ pé ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé ni ṣé ìrẹsì yẹn máa tó, ṣé wọ́n ti bu fún àwọn tó wà níta, kò sunkún, ìrẹsì ṣáà ni. Ẹni tí ẹni ẹ̀ bá ti kú rí, ì báà jẹ́ ní Japan, mọ ìrẹsì yẹn.

Mo sì fẹ́ fi kún un, mo sì mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ àwọn kan: ẹ yé fi àwọn tí kì í ṣe Yorùbá ṣe ẹ̀rín nínú ìtàn yín. Mèígáàdì Haúsá tí kò lè sọ gbólóhùn kan kó já gaara, Ígbò tó jẹ́ owó, owó, owó nìkan ló ń sọ, Àgànyìn tí kò lórúkọ. Ẹ óò kọ odidi ìtàn nípa ìyà tó ń jẹ ọmọ Yorùbá tó lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru ní London, bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹ̀ láṣìpè tí wọn ò sì ka èdè ẹ̀ kún, ọkàn yín á gbọgbẹ́ fún un, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nínú ìtàn kan náà ẹ óò wá ní mèígáàdì kan tẹ́ ẹ pè ní "mọ́là" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun náà rìn jìnnà kúrò nílé. Òun náà ní ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ sí lóṣooṣù. Ẹ fún un lórúkọ, ẹ fún un ní gbólóhùn kan tó já gaara ní èdè tó gbọ́ dáadáa. Ìyá ọkọ náà ńkọ́, ìyàwó kejì ńkọ́, wọ́n ti sọ wọ́n di àjẹ́ nínú ìtàn tó pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ní ìyá tó jẹ́ ìyá ọkọ ẹnì kan.

Èrò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nìkan ló lè jẹ́ òótọ́

Àwọn ọ̀dọ́ kan á sọ fún mi pé àwọn ò lè kọ nípa ẹni tí àwọn ò jẹ́, pé irọ́ ló máa jọ. Mo máa ń rán wọn létí Isaac Babalọlá Thomas. Láàárín 1929 sí 1930, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti ọwọ́ obìnrin kan tó pe ara ẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, arẹwà ìlú Èkó tẹ́lẹ̀, tó ti lo ìgbà èwe ẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin, tó ti di arúgbó aláìsàn báyìí tó sì ń ka gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Thomas tó ni ìwé ìròyìn náà ló ń kọ ọ́, ọkùnrin ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kà á gbà pé obìnrin yẹn wà láàyè. Kí ló fà á? Ó kọ àdúgbò Èkó bó ṣe wà, ó kọ orin tí wọ́n ń kọ nígbà yẹn, àmọ́ èyí tó wọ̀ mí lára jù ni pé bí Sẹ̀gilọlá ṣe ń ronú pìwà dà tó ń sunkún lórí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀, adùn ayé àtijọ́ ò kúrò lẹ́nu ẹ̀, ó ń kábàámọ̀, ó sì ń gbádùn bó ṣe ń sọ ọ́. Bí èèyàn ṣe rí nìyẹn. Oníwàásù kan á ti mú ọ̀kan nínú méjèèjì kúrò.

Nítorí náà ẹ lè kọ nípa ẹni tẹ́ ẹ ò jẹ́, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ lọ jókòó, ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè, kẹ́ ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ èyí tí kò bá èrò yín mu. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń fi ètè di pínnì mú, tí oníbàárà bá ń bá a jà lórí aṣọ ẹbí tí kò tíì parí, "ùn-ún, ùn-ún" nìkan ló lè dá a lóhùn, tí pínnì yẹn bá wá kúrò lẹ́nu ẹ̀ tán ẹ óò gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jókòó sílé, ẹ ò ní mọ̀ pé pínnì wà.

Kíkọ Fágúnwà lẹ́ẹ̀kan sí i

Mo fẹ́ràn D. O. Fágúnwà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Tíṣà ni, ọmọ Òkè-Igbó, ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938, títí di òní kò sẹ́ni tó tíì kó Yorùbá jọ lórí ewé bó ṣe kó o. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ nípa ọdẹ tó wọ igbó lọ bá iwin olórí mẹ́rìndínlógún, tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gùn, tí orúkọ kọ̀ọ̀kan gùn jù ú lọ, ṣé ẹ ti wọ igbó rí? Fágúnwà gbọ́ ìtàn ọdẹ nílùú tí ọdẹ wà. Tiẹ̀ ló kọ.

Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀ jù ni àwọn tó kúrò nínú igbó. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé ìtàn Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ kan, jáde ní 1969, títì ọlọ́dà àti mọ́tò àti ọ̀daràn ló kọ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn jáde ní 1974, ọmọ yunifásítì inú ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ yunifásítì. Àwọn méjèèjì fi eré ọ̀rọ̀ Fágúnwà sára, wọ́n wá lò ó fún ayé tí ojú wọn rí. Ibi tí ẹ̀yin wà lónìí ńkọ́? Ilé ìyáàlò, POS, ilé epo, ìdánwò JAMB, èèyàn mẹ́fà tó ń pín jẹnẹrétọ̀ kan. Mo ń retí ẹni tó máa kọ ìyàwó ilé tó ń ṣe POS lábẹ́ agbòòrùn kan tó mọ àṣírí owó gbogbo àdúgbò, ẹni tó ń tọrọ, ẹni tó ń purọ́ pé òun ò ní. Tí ẹnì kan bá ti kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.

"Ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Iléèwé ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, tí tíṣà bá pa àlọ́ ìjàpá tán á bi wá pé ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́, a wá rò pé apá kan ìtàn ni. Ẹ óò ní ṣebí Fágúnwà náà ń wàásù. Ó ń wàásù lóòótọ́, nínú ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ àwọn ọdẹ dé Òkè Láńgbòdó, Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n ibẹ̀, jókòó, ó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́, àmọ́ ẹ rántí ohun tójú wọn ti rí kí wọ́n tó débẹ̀. Ẹni tó ti rìn báyẹn yẹ lẹ́ni tá a lè bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin wàásù fún ẹni tẹ́ ẹ ò tíì mú rìn dé ìta.

Kí lẹ ń kọ ọ́ fún gan-an?

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí láìkì. Ó dùn tí èèyàn bá kọ nǹkan tí àwọn èèyàn sì kà á, ìdíje tó ní owó nínú náà dáa, oúnjẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn. Àmọ́ mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé ìtàn kan tó kọ lórí olólùfẹ́ tó dalẹ̀ rí láìkì púpọ̀, láti ìgbà náà kò kọ nǹkan míì mọ́ ju ìdalẹ̀ lọ, ìkejì, ìkẹta, ìkẹwàá, kì í ṣe pé ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ nìyẹn o, ohun tí wọ́n pàtẹ́wọ́ sí ló di ọ̀gá ẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tó máa kọ tó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò ní kà á, ó dákẹ́ pẹ́, ó ní bàbá òun, pé bàbá òun ṣiṣẹ́ reluwé títí reluwé fi dákẹ́, ó sì ń jí ní aago mẹ́rin àárọ̀ títí tó fi kú. Ẹ wo ohun tó ní nínú tó ń fi sílẹ̀! Ẹni tó bá ní irú ìyẹn nínú, òun ni kó kọ́kọ́ kọ. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́, tí èèyàn mẹ́rin péré bá kà á, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn lè ní bàbá tó jọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn, mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ fi sí i. Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google, ní Yorùbá lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ń ka ìtàn yín kò yẹ kó máa padà sẹ́yìn kó tó mọ ohun tẹ́ ẹ sọ.

Fífún ẹni tó máa yìn yín nìkan kà

Ọ̀rẹ́ yín á ní "ó dùn gan-an, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ", kò sì tíì kà á tán. Òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ yín á sọ̀rọ̀ nípa gírámà. Ẹ wá ẹnì kan tí kò ka ìwé sí nǹkan kan, tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ lọ, bóyá ẹ̀gbọ́n yín tó ń pa ẹ̀gúsí, bóyá bàbá àdúgbò tó ń tún rédíò ṣe, kẹ́ ẹ ka ìtàn náà sókè fún un, ẹ má sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ má bèèrè bóyá ó dáa. Ẹ máa wò ó ṣáá. Ibì kan wà tó máa ti sọ pé "hẹn-ẹn, irú ẹ̀ ṣe ẹnì kan tí mo mọ̀", á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, torí ibẹ̀ ni ìtàn yín ti kan ènìyàn, ìtàn yín míì sì lè ti máa bọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ibòmíì wà tó máa ti na ọwọ́ mú fóònù ẹ̀. Ẹ fi bírò fa ìlà sí ibi tó ti mú fóònù yẹn, kẹ́ ẹ tún un kọ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.